Mo fẹ́ ta ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Mọ́níyà

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta ilé rí, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ọn, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni èmi àti ọkọ mi kọ́ sí ọ̀nà Mọ́níyà ní Ìbàdàn, a sì kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí ayálégbé kan ń gbé báyìí. Ọkọ mi ti di olóògbé, kò sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa, gbogbo wọn ti dàgbà, ọ̀kan nínú wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi nìkan ni mo kù nínú ilé náà, àwọn ọmọ sì ń fẹ́ kí n kó lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àkọ́bí wọn, kí wọ́n lè máa rí mi tọ́jú.

Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi ni risíìtì tí ẹbí onílẹ̀ fún ọkọ mi, ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, àti ìwé sọ́fè. Orúkọ ọkọ mi ni ó wà lórí gbogbo wọn. A kò gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba máa ń fúnni. Ejẹ́ńtì kan ní àdúgbò wa ti ní òun mọ ẹni tí yóò rà á kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó parí, pé kí n ṣáà kó ìwé wá. Yàtọ̀ sí ọjà ṣọ́ọ̀bù mi, n kò ta nǹkan kan rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, èló ni kí n sì pè é?

Amòfin Òkè-Àdó

Mà, ẹ kú àfẹ́kù o. Olúwa yóò dúró ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Iye owó ni ẹ fi parí ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní àṣẹ láti tà ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí nǹkan ṣe rí lónìí, kò sí ẹnì kankan, títí kan ẹ̀yin fúnra yín, tí ó lè fọwọ́ sí ìwé títa ilé yẹn kí òfin sì gbà á. Ẹni tí ó ni ìwé ti lọ, kò sì kọ ìhágún. Nítorí náà, ẹ̀ka tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ, kí ẹ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, èyí tí àwa lọ́yà ń pè ní Letters of Administration. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ikú tí Àjọ Ìkànìyàn fún yín, orúkọ gbogbo àwọn ọmọ, àkójọ ohun tí bàbá fi sílẹ̀ àti iye tí ó tó, pẹ̀lú àwọn onídùúró. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tí ó bá ní ìtakò lè sọ ọ́. Àwọn tí ilé ẹjọ́ yóò kọ orúkọ wọn sínú ìwé náà kò lè ju mẹ́rin lọ. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan, owó tí ẹ óò san sì wà lórí bí ogún náà bá ṣe pọ̀ tó, nítorí náà kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ti jókòó sọ ibi tí owó yẹn yóò ti wá.

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ti kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní àṣẹ ìjọba láti so yín pọ̀ lábẹ́ òfin, òfin ogún tí àwọn ìpínlẹ̀ wa jogún láti ọ̀dọ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì fún àwọn ọmọ ní ìdá méjì yòókù. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àwọn ọmọ ni àṣà Yorùbá kà sí onílé, ìyàwó sì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹ kò lè dá a tà, àwọn ọmọ náà kò sì lè tà á lẹ́yìn yín bí orúkọ yín bá wà nínú ìwé ilé ẹjọ́. Mo ń sọ èyí nítorí mo ti rí ìyá tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé kí ó má ṣe wahala láti máa lọ sí kóòtù. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà nínú mẹ́rin náà. Bí ẹ bá sì ní risíìtì símẹ́ǹtì, igi tàbí páànù tí ẹ fi owó ara yín rà nígbà tí ẹ ń kọ́lé, ẹ wá wọn jáde, nítorí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ní ìpín nínú ilé náà yàtọ̀ sí ohun tí ẹ jogún.

Ní ti ejẹ́ńtì yẹn, ẹ má ṣe gbé ojúlówó ìwé fún un rárá. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi bírò kọ “fún àyẹ̀wò nìkan” pẹ̀lú déètì gba àárín ojú ìwé náà kọjá, kí bírò náà gun orí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yóò gbé ẹ̀dà yẹn fún lọ́yà tirẹ̀, ó sì tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́, Amòfin. Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ falẹ̀. Ilé bàbá wa ní Ṣùúrùlérè wà lọ́jà fún ìgbà pípẹ́ kí á tó rí i tà, kò sì jẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fẹ́. Àwọn kan ní kí á pín owó ilé ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ìlàjì. Àwọn tí wọ́n pọ̀ ní ìdí tiwọn ní orí-ò-jorí ni kí á fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Kí á tó fẹnu kò, ẹnì kan nínú wa ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà, ẹlòmíràn sì ti gbé ọ̀dà pupa lọ kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì gàdàgbà pé “ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ”. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń lé olówó sá. Kódà lẹ́yìn tí ìjà parí tí a sì ti kun fẹ́ǹsì, òjò ń fọ ọ̀dà tuntun náà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá wá wo ilé ni ó ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Lọ́yà tí ó bá wa parí rẹ̀ ṣàlàyé pé ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun-ìní ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì dá a padà. Mà, tiyín rọrùn ju tiwa lọ nítorí ìdí kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn fara mọ́ títà, iye tí ilé kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe pín owó, kí ẹnikẹ́ni tó mú olùrà wọ ọgbà.

Awọnlẹ̀

Mo kí Màmá wa, mo sì kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ń ṣe. Nínú ìwé mẹ́ta tí ẹ dárúkọ, èyí tí olùrà yóò kọ́kọ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì ni ìwé sọ́fè. Yóò lọ wò ó lọ́dọ̀ Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, àti bóyá ẹ̀dà tí a ń pè ní red copy wà ní àkọsílẹ̀ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè àtijọ́ ni ó lẹ́wà lójú ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ṣe é kò gbé red copy rẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, kí ó má jẹ́ olùrà ni yóò wá sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ bá ti fẹnu kò lórí owó, nítorí lójú ẹsẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé iye rẹ̀.

Ẹ wá bíkìn yín pẹ̀lú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ ni àwọn òkúta símẹ́ǹtì kéékèèké wọ̀nyẹn máa ń wà, wọ́n sì máa ń fi nọ́ńbà sí wọn lórí. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, koríko ti bo òmíràn, iyẹ̀pẹ̀ ìkọ́lé ti rì òmíràn mọ́lẹ̀, fẹ́ǹsì ẹni ẹ̀gbẹ́ sì lè ti gun orí èyí tí ó kù. Ẹ gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí ó gbẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ orí òkúta náà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà tí ó bá jáde wé èyí tí ó wà nínú ìwé sọ́fè. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, bí púlọ́ọ̀tì Ìbàdàn ṣe sábà máa ń rí, tí aládùúgbò bá ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ yanjú nígbà tí ẹ̀yin àti aládùúgbò náà ṣì jọ ń kí ara yín.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Fún ọmọ yín tí ó wà níbí, Mà: kò pọn dandan kí ó wà lára àwọn alábòójútó ogún bí kò bá ní àyè láti wá sílé. Àwọn tí ó wà nítòsí ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí òun kọ ìwé ìfọwọ́sí. Bí ìwé kan bá sì wà tí ó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kí ó fọwọ́ sí i níwájú notary public, ẹni tí ó ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kí ó sì gbé e lọ sí Iléeṣẹ́ Aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue. Kí ó má ṣe fi fọ́tò ìwé tí ó fọwọ́ sí ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó wá rò pé iṣẹ́ ti parí. Ojúlówó ìwé ni lọ́yà olùrà yóò béèrè.

Màmá Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbéyàwó kóòtù ni a ṣe, ní Gbọ̀ngàn Mápó, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti pe àwọn ọmọ, wọ́n sì ti gbà láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ohun kan ṣì wà. Inú ọgbà ilé náà ni a sin ọkọ mi sí, ní apá ọ̀tún, láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, a sì ti fi táìsì tẹ́ ojú orórì náà. Méjì nínú àwọn ọmọ ní kí á hú u lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjì tí ó kù ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bàbá wọn. Ejẹ́ńtì ní tirẹ̀ ní kí á fọ́ táìsì náà, kí á da iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí á gbin òdòdó sí i, kí á má sì sọ fún ẹni tí ń bọ̀ wá rà á. Ọkàn mi kò gba èyí. Kí ni àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ṣe?

Amòfin Òkè-Àdó

Mà, ohun tí ọkàn yín sọ fún yín ni òfin náà sọ. Ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Bí olùrà bá ń gbẹ́ ṣaláńgá tàbí ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ó sì kan òkú tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, yóò gbé yín lọ sí kóòtù pé ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì pamọ́, ó sì lè béèrè owó rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ẹ ti ná an. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ tún fẹ́ máa sùn ní Abẹ́òkúta kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà yanjú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èkíní ni kí á hú u. Èyí gba ìfohùnṣọ̀kan ẹbí, ó sì gba àṣẹ ìjọba kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, nítorí òfin ka fífọwọ́ kan òkú láìtọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ, àwọn àgbà ilé bàbá sì ní tiwọn. N kò ní gba ẹbí tí ohùn rẹ̀ ti pín sí méjì ní ìmọ̀ràn láti gba ọ̀nà yìí ní kánjúkánjú. Ìkejì ni kí ó wà níbẹ̀, kí á kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò gbé ilé fún olùrà pé orórì wà ní ibi báyìí, pé kò ní kọ́ nǹkan kan lé e, àti pé ẹbí lè wá sí ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìrántí. Kí ẹ mọ̀ pé àdéhùn yìí mú ẹni tí ó fọwọ́ sí i dáadáa; bí òun náà bá wá tà á fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ lè di mìíràn, àyàfi tí ó bá wà nínú ìwé tí a fi sí àkọsílẹ̀ ìjọba.

Awọnlẹ̀

Ọ̀nà kẹta wà, mo sì ti bá ẹbí ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí orórì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ẹ lè yọ ibi kékeré yẹn kúrò nínú ohun tí ẹ óò tà. A óò wọn ọ́n lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró tí yóò so ó mọ́ títì, a óò ṣe ìwé sọ́fè tuntun fún apá tí ẹ ń tà àti fún apá tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ óò sì mọ ògiri kékeré yí i ká pẹ̀lú géètì tirẹ̀. Ilẹ̀ tí olùrà yóò gbà yóò dín díẹ̀, owó náà yóò sì dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹbí yín ni orórì náà yóò máa jẹ́ ní ìwé àti ní ojú. Kí á tó sọ pé ó ṣeé ṣe, mo ní láti rí bí ilé ṣe jìnnà sí fẹ́ǹsì tó ní apá ibẹ̀ àti ibi tí títì wà. Bí ẹ̀yìnkùlé ni orórì náà wà, tí kò sí bí ènìyàn ṣe lè dé ibẹ̀ láìgba inú ilé, èmi kò ní bá yín dábàá rẹ̀.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Bí àyè bá wà, ọ̀nà tí Awọnlẹ̀ sọ yìí ni èmi yóò mú. Ó tẹ́ àwọn ọmọ méjèèjì tí ń bẹ̀rù híhú lọ́rùn, kò sì fi ẹrù lé olùrà lórí.

Adíyelé Dùgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ iye owó, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mà, ohun mẹ́ta ni ó máa ń dí ẹni tí ń ta ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú: iye tí ó ná nígbà tí ó ń kọ́ ọ, iye tí ó nílò fún ohun tí ó fẹ́ ṣe, àti iye tí aládùúgbò rẹ̀ sọ pé òun ta tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ iye ilé nínú wọn. Iye tí ẹ ná kò wúlò mọ́, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023, gbogbo ohun èlò ìkọ́lé ti kúrò níbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní ti aládùúgbò, iye tí ó pè é ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ, wọn kì í sọ iye tí ó wọ ọwọ́ wọn.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò wo ilé mélòó kan tí ó jọ tiyín tí wọ́n tà ní agbègbè yẹn láìpẹ́, a óò wo ilẹ̀ lọ́tọ̀ àti ilé lọ́tọ̀, a óò yọ ohun tí ogbó ti jẹ kúrò lára ilé, a óò sì wo iye tí ó lè mú wọlé lọ́dún bí a bá fi háyà. Ẹ lo adíyelé tí ó ní ìwé àṣẹ, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tí ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà yóò béèrè iye ogún lọ́wọ́ yín, nítorí náà iṣẹ́ kan náà yóò ṣiṣẹ́ méjì. Ẹ fi iye méjì pamọ́ sọ́kàn: èyí tí ẹ óò pè, àti èyí tí ẹ kò ní lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nìkan ni kí ó mọ ìkejì. Bí ejẹ́ńtì bá mọ̀ ọ́n, olùrà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Àìsí C of O yóò dín iye rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Ilé tí wọ́n ń fi ìwé ẹbí àti sọ́fè tà ní Ìbàdàn pọ̀, ẹni tí ó rà á ni yóò lọ gba C of O lẹ́yìn náà. Kí ẹ tó gbà á, kí orúkọ ilé náà tó yí padà, owó tí ẹ óò ná àti àkókò tí yóò gbà lè ju ohun tí ó máa fi kún un lọ. Ohun tí ó tọ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ lọ kí ẹbí onílẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé ọkọ yín ṣì wà, àti bóyá olórí ẹbí tí ó wà lórí oyè báyìí mọ̀ nípa títà yẹn. Lọ́yà olùrà yóò lọ bá wọn. Ó sàn kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ má ṣe náwó ńlá lórí títún un ṣe. Ẹ kun ògiri, ẹ kó gọ́tà, ẹ tún páànù tí ń jò ṣe, kí ẹ sì kun àjà tí omi ti pa láwọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún páànù náà ṣe tán, nítorí olùrà tí ó bá rí àmì omi lókè yóò gé owó ju ohun tí páànù mẹ́ta ná lọ. Kí ẹ̀rọ fífa omi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wò ó.

Ẹ má ṣe gbé ilé fún ejẹ́ńtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Olúkúlùkù yóò pe iye tirẹ̀, olùrà kan náà yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì rò pé ẹ ń wá owó lójú méjèèjì. Ẹ fún ẹnì kan, fún oṣù mẹ́ta, ní ìwé, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣà ọjà, a sì ń dúnàádúrà lórí rẹ̀. Kí ìwé náà sọ pé kò gbọ́dọ̀ gbé owó lé iye tí ẹ sọ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Èyí tí ó ní kí ẹ bo orórì mọ́lẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Òṣìṣẹ́ Báńkì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí owó yóò ṣe wọlé, Mà. Láti 2022 ni òfin tí ó ń dènà fífi orísun owó àìtọ́ pamọ́ (money laundering) ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san tàbí gba owó lọ́wọ́ lọ́wọ́ tí ó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ láìgba inú báńkì. Olùrà tí ó bá ní òun yóò kó owó sínú àpò wá, ẹ má ṣe gbà fún un, bí ó ti wù kí ó yá yín lára tó. Ẹ ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ ogún olóògbé, kí àwọn alábòójútó méjì ó kéré tán máa jọ fọwọ́ sí i, kí gbogbo owó ilé náà gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ti san án, ẹ má gbára lé àtẹ̀jíṣẹ́ alẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe báńkì yín tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀, kí wọ́n sọ fún yín pé owó náà ti wọlé ní tòótọ́.

Amòfin Òkè-Àdó

Mo fi èyí kún un. Owó àsansílẹ̀ kí ó wà lọ́dọ̀ lọ́yà, pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ dé àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá dé. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ kí owó tó pé, kódà bí ó bá ní òun kàn fẹ́ kó ẹrù díẹ̀ sí yàrá kan. Àwọn tí mo rí tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ìdajì owó, kóòtù ni ó gbé wọn jáde, kì í sì í yá.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, nítorí náà olùrà yóò ní owó àti ìwé tí yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì Agódi. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun ni yóò san án. Ní ti owó orí, òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026 yọ̀ǹda èrè orí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Yàrá àti pálọ̀ tí ẹ fi háyà ní ẹ̀yìn lè mú kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè, ogún sì ni ilé náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ àwọn agbowó-orí kí ẹ tó pín owó fún àwọn ọmọ.

Màmá Mọ́níyà

Ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Owó ọdún kan ni ó san, ó sì ṣì ní oṣù mẹ́jọ. Ènìyàn dáadáa ni. N kò fẹ́ kí wọ́n lé e síta nítorí mi.

Amòfin Òkè-Àdó

Títà ilé kì í lé ayálégbé jáde, Mà. Ẹni tí ó bá rà á di onílé rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó lo oṣù mẹ́jọ rẹ̀ pé. Ẹ sọ fún ayálégbé náà fúnra yín kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ejẹ́ńtì, ẹ fi ẹ̀dà ìwé háyà rẹ̀ han olùrà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Owó oṣù tí ó bá kù lẹ́yìn ọjọ́ tí ilé bá kúrò lọ́wọ́ yín, olùrà lè ní kí ẹ yọ ọ́ fún òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bí olùrà bá fẹ́ kí ilé ṣófo pátápátá, òun ni yóò bá ayálégbé náà sọ̀rọ̀, tàbí kí ó fún un ní ìkìlọ̀ tí òfin béèrè. Fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni, bí ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí kò bá sọ ohun mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yóò dé kóòtù.

Adíyelé Dùgbẹ̀

Kí ẹ tó kúrò ní ilé náà, ẹ ya fọ́tò mítà iná ti ilé iwájú àti ti ẹ̀yìnkùlé, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Risíìtì owó ilé tí ẹ ti san fún ìjọba ìbílẹ̀ náà, ẹ kó o pọ̀ mọ́ ọn, nítorí olùrà yóò béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ó bá wá gba kọ́kọ́rọ́.